Iná tó ń fọ́ni lójú kọ́ ni iyùn ń jẹ

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ṣàgámù pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ti rí iná tí yóò gbé kọ́ sórí àpótí gíláàsì omi iyọ̀ tó fi ń sin ẹja àti iyùn, ẹ̀dá òkun tó ń mí, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ilé ìkẹ́rù kan lọ́nà Ògijo ń tú àwọn iná àjà rẹ̀ kúrò kó lè fi LED rọ́pò wọn, àwọn tó ń ra irin àlòkù sì ti kó wọn síta. Agolo alumíníọ́mù tó fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ, choke (ohun tó ń ṣèkáwọ́ iná tó ń wọ gílóòbù) tó wúwo bí ọmọ ọlọ, gílóòbù 400 wáàtì. "Àbúrò, tí wọ́n bá tan nǹkan yìí, ojú ẹ ò ní gbà á. Èyí tí wọ́n ń tà fún iyùn ò tó ìdajì ẹ̀, ẹ wá wo owó tí wọ́n ń pè é!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo ló ń tàn?"

Ó ní, "Àwọ̀ kẹ̀? Iná niná ń jẹ́."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníná, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sin ẹja nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé iná tí wáàtì rẹ̀ bá pọ̀ jù, tó sì mọ́lẹ̀ jù lójú, ni iyùn máa fẹ́ jù, pé ìyókù kàn jẹ́ ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́jà ń dá láti gbowó. Ti àwọn ọlọ́jà yẹn, mi ò ní bá yín jiyàn púpọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ohun tí mo bá lè rí ní àlòkù, mi ò ní ra tuntun rẹ̀. Ti wáàtì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Wáàtì kì í ṣe òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Iye iná tí gílóòbù ń jẹ lọ́wọ́ NẸ́PÀ ló ń sọ. Lumen ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń tàn wá jẹ láìmọ̀, torí ojú èèyàn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n náà. Àwọ̀ tó wà láàárín ewé tútù àti pupa rúsúrúsú, ní nǹkan bí 555 nánómítà (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), lojú wa ń rí kedere jù, gílóòbù tó bá sì ń tú u jáde ni lumen rẹ̀ máa ga. Gílóòbù sódíọ̀mù 400 wáàtì, irú èyí tó ń sọ títì di pupa lálẹ́, máa ń tú nǹkan bí 50,000 lumen jáde. Metal halide tó funfun, tí òun náà jẹ́ 400 wáàtì, ń tú nǹkan bí 35,000. Ẹni tó bá ń fi lumen rajà, sódíọ̀mù ló máa gbé lọ sílé. Àfi bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ oúnjẹ ewúrẹ́ wò.

Kí wá ni iyùn ń jẹ? Nínú ẹran ara iyùn òkun olóoru, àwọn ẹ̀dá bí ọ̀gbìn kan tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní zooxanthellae ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, tí wọ́n ń bu nínú rẹ̀ fún iyùn tó gbà wọ́n sílé. Omi òkun kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa rìn jìnnà, kíá ló máa ń gbé e mì. Èyí tó dà bí aró ló ń wọ ibú. Àwọn ará ilé iyùn yìí ti mọ́ ọn lára láti jẹ aró yẹn, pàápàá láàárín 400 sí 500 nánómítà, lumen kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ka ibẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpótí tí iyùn ti ń yó bámúbámú fi lè dà bí ilé ijó lójú yín. Òṣùwọ̀n tó wúlò fún wa ni PAR, tó ń ka gbogbo ìmọ́lẹ̀ láti 400 dé 700 nánómítà láìfi tojú èèyàn ṣe. Àmọ́ òun náà kì í sọ àwọ̀ fúnni.

Ẹnìkan ti bi mí rí pé, ṣé iyùn tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń kó sọ́rùn lọ́jọ́ Ojúde Ọba náà jẹ iná kó tó dàgbà? Rárá o. Iyùn pupa gidi tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ní òkun Mẹditaréníà, inú ihò àpáta àti ibú tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀ ló ń gbé. Kò ní zooxanthellae kankan lára, ohun tí omi bá gbé kọjá ló ń he jẹ. Ẹbí ni wọ́n, wọn ò kàn jọ jẹun nínú àwo kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n gbé iná náà kọ́. Sódíọ̀mù ni. Yàrá ìgbàlejò rẹ̀ wá dà bí abẹ́ afárá Ṣàgámù lálẹ́, ẹja búlúù tó fowó gidi rà di eléérú. Ìyẹn kéré sí ti ooru. Gílóòbù 400 wáàtì pẹ̀lú choke rẹ̀ lè jẹ tó 450, gbogbo rẹ̀ ló sì máa padà di ooru nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń gbóná tẹ́lẹ̀. Omi tí iyùn fẹ́ kò ju 24 sí 27°C lọ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tirẹ̀ ti di 31, ó ń ju piọ wọ́tà dídì sínú àpótí bí ẹni ń ta á ní gáréèjì. Iyùn tó bá gbóná jù máa ń lé zooxanthellae rẹ̀ jáde, á wá funfun báláú. Méjì nínú tirẹ̀ funfun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ má torí ìyẹn sọ pé iná ilé iṣẹ́ ò dáa fún iyùn. Ilé iṣẹ́ àti pápá ìṣeré ni metal halide ti wá kó tó dórí àpótí ẹja, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn tó ń sin iyùn ní Jámánì àti Amẹ́ríkà sì fi lò ó. Nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn lára gílóòbù ni kẹ́ ẹ wò, àwọ̀ iná ló ń sọ: bó bá kéré, iná náà á pupa; bó bá ga, á máa lọ sí aró. Sódíọ̀mù wà ní nǹkan bí 2,000K. Púpọ̀ nínú metal halide ilé iṣẹ́ jẹ́ 4,000K. Láti 6,500K lọ sókè ló ń tẹ́ iyùn lọ́rùn, èyí tí wọ́n sì ṣe fún un máa ń tó 10,000K dé 20,000K. Ẹ lè tọ́jú agolo àti choke àlòkù kẹ́ ẹ pààrọ̀ gílóòbù nìkan, bí gílóòbù bá ti bá choke mu. Ti sódíọ̀mù àti ti metal halide kì í sábà bára mu, torí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára choke.

Ẹ sì ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Iná 60Hz, ìyẹn tó ń lù nígbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wọ́n ṣe choke wọn fún. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ so ó mọ́ ojú 240 fóòltì rẹ̀, 50Hz tiwa máa mú kó fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, á sì gbóná. Gílóòbù metal halide tí gíláàsì ìta rẹ̀ ti fọ́ ṣì lè máa tàn, àmọ́ ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń jó ojú àti awọ ara. Pípa ni kẹ́ ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ti omi iyọ̀ tó ń ta sára wáyà, mo rò pé mi ò ní láti ṣàlàyé, ẹ so wáyà ilẹ̀ mọ́ agolo náà.

Ohun tó mú kí èmi fúnra mi pa metal halide tì ni NẸ́PÀ. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, gílóòbù yẹn ò ní tàn. Ó gbọ́dọ̀ tutù ná, ìyẹn lè gbà tó ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ládùúgbò tí wọ́n ti ń mú un lọ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìrọ̀lẹ́ àti ìgbà oorun, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

LED àjà àlòkù ni mo wá fún Ẹ̀gbọ́n, 150 wáàtì, 6,500K. LED funfun, tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, búlúù ni inú rẹ̀. Ẹ̀rún kékeré tó ń tan búlúù ní nǹkan bí 450 nánómítà ni wọ́n kun nǹkan lé lórí kó lè funfun lójú wa, púpọ̀ nínú búlúù náà ṣì ń jáde. A fi ọ̀pá LED búlúù kan kún un kí àwọ̀ iyùn lè yọ dáadáa. (Ẹ yẹ driver, àpótí kékeré tó ń bu iná fún LED, àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́. Mo ti rí iná sólà tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì sí tí kò lè ka ìwé fún ọmọ.) Tó bá jẹ́ ẹja nìkan lẹ ń sìn láìsí iyùn, iná èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fi rí wọn ti tó.

Ọ̀kan nínú iyùn méjì yẹn ti ń padà ní àwọ̀, èkejì kú. Sódíọ̀mù wà lẹ́yìnkùlé báyìí, lókè ibi tí ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ti ń yan gàrí lálẹ́, wọ́n ní òun ló dáa jù níbẹ̀.