Ẹ Wọn Ọmọ Kí Káfíńtà Tó Wọn Pákó

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin káfíńtà wa, ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ àga àti tábìlì inú kíláàsì ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo ti mọ ohun tí àwọn kan máa wí: "Màmá, pẹ̀lú gbogbo bí ìlú ṣe rí yìí, àga lẹ rí sọ?" Bẹ́ẹ̀ ni o, àga ni mo rí sọ.

Télọ̀ ni mí. Yúnífọ́ọ̀mù ló ń bọ́ mi láti ìparí oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kẹwàá, nígbà tí àwọn òbí bá ń sáré nítorí sáà tuntun. Ẹni tó bá ń rán yúnífọ́ọ̀mù á mọ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ "ìwọ̀n Prámárì 4" lórí tépù. Ọmọ méjì á ti inú kíláàsì kan náà jáde, ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ejìká mi, èkejì ò ní kọjá ìbàdí mi. Ọ̀kan tètè wọlé, ọ̀kan pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tún kíláàsì ṣe, ẹlòmíràn sì jogún gíga bàbá rẹ̀ ni. Kò sí télọ̀ tó máa rán ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo wọn tí àwọn ìyá ọmọ ò ní dà bo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kálukú bá ti wọ aṣọ tí a wọ̀n fún un tán, orí bẹ́ǹṣì oníwọ̀n kan ni a máa kó gbogbo wọn lé, a ó wá ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Ara aṣọ tí wọ́n ń kó wá fún àtúnṣe ni mo ti kọ́kọ́ fura. Síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ tó ga máa ń ya lókè orúnkún, lójú kan náà ṣáá. Itan wọn ló ń há mọ́ pákó abẹ́ dẹ́sìkì, níbi tí wọ́n ń kó ìwé sí, ìṣó tó bá sì yọrí níbẹ̀ kì í mọ aṣọ tuntun yàtọ̀. Ti àwọn kékeré ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn itan ṣòkòtò tiwọn ló ń fẹ́lẹ́, níbi tí etí bẹ́ǹṣì ti ń ha á bí wọ́n ṣe ń sún síwájú, tí wọ́n ń sún sẹ́yìn láti àárọ̀. Abẹ́ abíyá wọn náà á tú, torí apá tó yẹ kó sinmi lórí tábìlì ni wọ́n ń gbé sókè kọ̀wé. Ìyá ọmọ á ní, "Ẹ bá mi rán an kó le dáadáa, Ìyá, eré ọmọ yìí ti pọ̀ jù." Èmi á rán an. Ṣùgbọ́n eré kọ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo kó aṣọ eré ìdárayá lọ sí ilé-ìwé kan nílùú yìí, mo dúró de tíṣà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì Prámárì 1. Ọmọkùnrin kékeré kan jókòó níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀, ó wá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá a, ẹsẹ̀ ò tó o. Ó sún dé etí bẹ́ǹṣì pátápátá, àyà rẹ̀ kan tábìlì, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ìwé. Ejìká ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ti gòkè dé etí. Tíṣà rí i, ó ní, "Ìwọ, jókòó dáadáa!" Ọmọ jókòó dáadáa lóòótọ́: ó sún padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ni ọwọ́ rẹ̀ ò bá tó ìwé mọ́.

Ní kíláàsì Prámárì 5 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọmọbìnrin kan wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, agùntáṣọọ́lò gidi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ abẹ́ dẹ́sìkì, ó nà án sí ojú ọ̀nà tí àwọn yòókù ń gbà kọjá, ó wá lọ́ ìbàdí padà síbi ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò bá súnmọ́ ọn á rò pé àfojúdi ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń kó irú wọn sí, kí wọ́n má baà dí àwọn kúkurú lójú, ojú tirẹ̀ ì báà ríran dé bọ́ọ̀dù, ì báà má ríran dé e.

Bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ṣòro lóye. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá kan ilẹ̀, ìwúwo ẹsẹ̀ á rọ̀ sórí itan, etí bẹ́ǹṣì á máa tẹ abẹ́ itan níbi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ẹsẹ̀ á kú, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yíra. Tí tábìlì bá ga ju ìgúnpá lọ, ejìká á gòkè, ọrùn á máa ro ó. Tó bá sì rẹlẹ̀ jù fún ẹni gíga, ẹ̀yìn á tẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kó gun orí tábìlì ìjẹun rẹ̀, kó jókòó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa fì, kó wá kọ lẹ́tà ojú ewé kan. Wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣe é, tí ẹgba tún ń tẹ̀ lé e pé wọn ò jókòó jẹ́ẹ́.

Mo bi káfíńtà kan lágbègbè Alékúwodò, ẹni tó ti ṣe àga ilé-ìwé rí, pé kí ló dé tí gbogbo wọn fi ga bákan náà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìjókòó ínṣì 18, tábìlì ínṣì 30. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ò sọ nǹkan míì. Mo gé sámpù kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé e lé pákó, wọ́n ń gé e lọ nìyẹn."

Mo ní, "Tó bá wá jẹ́ sámpù mẹ́ta ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Ìyẹn ò le rárá, Màmá. Kí wọ́n ṣáà ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́."

Mo bi í bóyá owó á lé sí i. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé, ó ní ẹsẹ̀ àga tó kúrú ò lè jẹ pákó ju èyí tó gùn lọ.

Ẹ fi ọkàn sí ínṣì 18 àti 30 yẹn. Ní Yúróòpù, wọ́n ní ìlànà kan fún àga ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní EN 1729. Wọ́n pín in sí ìwọ̀n láti 0 dé 7, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ kí tíṣà má baà máa gbé tépù kiri. Ọmọ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 108 sí 121, ìjókòó tirẹ̀ jẹ́ 31, tábìlì 53. Ẹni tó wà láàárín 119 sí 142, ìjókòó 35, tábìlì 59. Èyí ló ní àwọ̀ yẹ́lò. Àwọ̀ pupa jẹ́ ti ẹni 133 sí 159, ìjókòó 38, tábìlì 64. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé àwọ̀ búlúù, ti ẹni tó ga tó 159 sí 188: ìjókòó 46, tábìlì 76. Ẹ wá yí 46 àti 76 sí ínṣì. 18 àti 30 ni! Ìwọ̀n géńdé ni káfíńtà wa jogún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà, tí gíga rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 115, ìjókòó ínṣì 12 ló yẹ ẹ́. Ínṣì mẹ́fà tó kù yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń fì.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Ní 1867, dókítà ojú kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì, Hermann Cohn, gbé àbájáde àyẹ̀wò ojú akẹ́kọ̀ọ́ 10,060 síta, ó sì di púpọ̀ nínú ẹ̀bi ojú tí kì í ríran jìnnà ru tábìlì tí kò bá ọmọ mu. Ní ti ojú, ìmọ̀ ti kọjá ibi tó dé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí èèyàn ti ń gbé tépù dé ìdí dẹ́sìkì lókè òkun.

Àwa náà kúkú ti wọn ọmọ rí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ìbí. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Tí kò bá kàn án, padà sílé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa ṣì ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ dòní. Ara ọmọ la fi ń mọ̀ bóyá ó tó wọlé nígbà náà. Báyìí tó ti wọlé tán, kò sẹ́ni tó tún bi ara ọmọ náà léèrè nǹkan kan.

Ohun tó fà á lójú tèmi ni pé kíkà là ń ka àga, a kì í wọ̀n ọ́n. Wọ́n á ní wọ́n gbé àga báyìí báyìí lọ sí ilé-ìwé báyìí, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Bákan náà ni ti ilé-ìwé aládàáni. Nọ́sìrì wọn á ní àga kéékèèké aláràbarà, nítorí ìyẹn ló máa ń fa òbí mọ́ra. Kí ọmọ náà wọ Prámárì 1 báyìí, ó di orí bẹ́ǹṣì géńdé, àfi bí ẹni pé nínú họlidé yẹn ló ti dàgbà tán. A ò sì lè sọ pé agbára ò gbé e. Ìpínlẹ̀ tó pín Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ yẹn, fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní 2013 kò ní ṣàìlè kọ ìwọ̀n mẹ́ta sínú ìwé iṣẹ́ káfíńtà. Fún prámárì, ínṣì 12 fún ìjókòó àti 21 fún tábìlì, 14 àti 23, 15 àti 25, pẹ̀lú ìwọ̀nba 17 àti 28 fún àwọn tó ti ga ju ẹgbẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé ọmọ òyìnbó ni wọ́n wọ̀n fi ṣe ìlànà yẹn, nítorí náà kí a wọn tiwa ká tó gé pákó. Kí a sì má pín in ní kíláàsì-kíláàsì. Inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni kí oríṣiríṣi wà, torí inú kíláàsì kan náà ni gíga wọn ti yàtọ̀.

Àwọn kan á ní ká kúkú ra onírin, irú èyí tí wọ́n ń fi bóòtù gbé sókè, tí wọ́n ń fi gbé wálẹ̀. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n a mọ ara wa. Bóòtù á ti sọnù kí sáà kìíní tó parí, èyí tó kù á dípẹtà, sípánà á sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti gba tíránsífà lọ sí Ìkìrun. Pákó tí a gé sí ìwọ̀n mẹ́ta, tí a fi ọ̀dà sàmì sí lẹ́sẹ̀, ló bá wa lára mu. Kí wọ́n kun àwọ̀ wọ̀nyẹn náà sí ara férémù ilẹ̀kùn, ọmọ á dúró tì í, ibi tí orí rẹ̀ bá dé ni àwọ̀ àga tirẹ̀. Ọmọ Prámárì 2 lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé àga wá, ẹ má sọ fún káfíńtà pé "àga ilé-ìwé" kí ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ bàtà ilé-ìwé rẹ̀, kó jókòó sórí nǹkan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún: gíga ìjókòó nìyẹn. Kí ó sọ apá sílẹ̀, kó ká ìgúnpá, ẹ wọ̀n ọ́n láti ìjókòó dé abẹ́ ìgúnpá. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ fi díẹ̀ lé e, tábìlì nìyẹn. Ẹ má fi àyè ìdàgbà sílẹ̀ o! Aṣọ nìkan là ń ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú kí a lè tú u tí ọmọ bá ga. Àga tó bá kéré fún tiyín lọ́dún tó ń bọ̀, àbúrò kan wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀ tó máa bá mu.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ayùn ni. Bẹ́ǹṣì tó ga jù, kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ti tábìlì rẹ̀. Èyí tí wọn ò bá fẹ́ gé, kí wọ́n kan pákó gbọọrọ kan mọ́ ọn nísàlẹ̀ kí ọmọ rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Ti tábìlì ò tíì yanjú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á sinmi.

Nílé-ìwé kan ládùúgbò wa, mo ti sọ fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pé mo máa gbé tépù wá, kí a kọ́kọ́ wọn àwọn Prámárì 1 nìkan ná. Káfíńtà Alékúwodò yẹn ní òun á mú ayùn wá ní Sátidé kan, kí a ṣáà wá owó ọmọ iṣẹ́ méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí báyìí ni pé ohun ìní ìjọba ni àga wọ̀nyẹn, hẹ́dímásítà sì ní òun ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kàn án láìsí ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá mọ ọ́fíìsì tí a ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ kí sáà tuntun tó wọlé.