Iná Ti Bọ́ Sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀, Omi Ṣì Wà Ní Àbújá

Lọ́dún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta ni wọ́n gbé síbẹ̀, mẹgawáàtì 3 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jókòó lásán, tí wọn kò tan gílóòbù kan fún ẹnikẹ́ni. Dáàmù Ìkéré, lórí odò Ògùn lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, náà ní mẹgawáàtì 6 tirẹ̀, lórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Jos. Láti ọdún 1929 ni iléeṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní NESCO ti wà níbẹ̀, tó ń fi omi tó ń já láti orí òkè, ní Kurra Falls àti àyíká rẹ̀, mú iná wá fún àwọn tó ń wa kùsà. Kùsà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn, iná ṣì ń jáde. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ṣòwò ní Jos rí kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé NESCO fún wọn.

Irú iléeṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ṣílẹ̀kùn fún báyìí, pàápàá àwọn tó ń lo omi bó ṣe ń ṣàn, tí wọn kì í dí odò pa. Wọ́n á mọ ògiri kúkúrú kan sójú odò lókè, wọ́n á ya díẹ̀ nínú omi náà sínú gọ́tà oníkọnkéré, omi á gba inú páìpù irin gbàǹgbà sọ̀ kalẹ̀, á yí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde, á sì padà sínú odò rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí lítà omi 1,000 bá ń já láti òkè mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a lè rí nǹkan bíi kilowáàtì 70 nínú rẹ̀. Ìyẹn tó fún ẹ̀rọ ìlọta, ilé ìwòsàn abúlé àti gílóòbù inú ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rọ kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá iṣẹ́ náà dúró o. Ewé ni. Asẹ́ irin kan wà lẹ́nu páìpù tó ń dá pàǹtírí padà. Bí òjò òru bá wọ́ ewé, ẹ̀ka igi àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wá, asẹ́ á dí, omi á fà sẹ́yìn, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò mú réèkì lọ wọ́ ọ kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀gá tó wà ní Àbújá kò lè fi fóònù ṣe ìyẹn. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń ti ara iná náà jáde, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sì mọ ilé rẹ̀, ló máa ń jí ṣe é.

Kí ló wá ń dá wa dúró? Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ kò láṣẹ lórí iná níbikíbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Àtúnṣe òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ti mú ìyẹn kúrò, òfin iná mànàmáná tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà sì tún là á yé wa. Èkìtì, Òǹdó àti Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó ti gba àkóso ọjà iná wọn lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná. Ṣùgbọ́n dáàmù Ọ̀yán àti Ìkéré ṣì wà lábẹ́ àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni àjọ náà. Gómìnà lè fún èèyàn níwèé àṣẹ iná tán, kí onítọ̀hún má rí omi tí yóò fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àjọ náà fi omi tó ń tú sílẹ̀ lẹ́nu dáàmù méjèèjì yìí lọ àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké. Omi náà ń lọ bẹ́ẹ̀ náà, a kò sì ní lé abúlé kankan kúrò nílé mọ́ nítorí rẹ̀.

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Adágún Ọ̀yán ti ṣí àwọn èèyàn nípò, àwọn oníwádìí sì ti rí àtọ̀sí ajá lára àwọn ọmọ iléèwé ní abúlé etí rẹ̀, nítorí ìgbín tó ń gbé àìsàn náà fẹ́ràn omi tó dákẹ́. Omi tó ń sáré kì í bá ìgbín yẹn lára mu.

Síbẹ̀, a kò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi odò tọrẹ. Odò tiwa a máa fà ṣinṣin láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Iléeṣẹ́ tó bá wọn omi ní oṣù Kẹsàn-án, tó wá fi ìyẹn ṣèlérí iná ọdún yíká, irọ́ ló ń pa. Kó wọn ọ́n látòjò dé ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì fi sólà kún un, torí pé ìgbà tí odò bá gbẹ gan-an ni oòrùn máa ń mú. Kí ìwé àdéhùn sọ iye omi tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú odò láàárín ògiri òkè àti ibi tí omi ti ń padà, torí ibẹ̀ ni ẹja wà, ibẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Ní ti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo àti Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ dá a lábàá. Omi tó ń já ni àwọn èèyàn ń lọ wò ní Olúmirin. Ta ni yóò lọ wo páìpù?

Àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń tú omi dáàmù sílẹ̀, òun ló sì yẹ kó ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kó gbé àkọsílẹ̀ oṣooṣù ti Ọ̀yán àti Ìkéré sí gbangba kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó wọlé, kí oníṣòwò àti ará abúlé jọ kà á kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé.