Ẹja Tí Wọ́n Ń Dá Padà Sómi

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ wá ibi jókòó sí ná kí n tó la ẹnu. Ìlú kan wà tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀ mú ẹja, tí wọ́n á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Wọn ò dín in, wọn ò yan án, wọn ò gbé e lọ sọ́jà. Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí, a ò tíì débẹ̀.

Central Park ni mò ń wí, ní New York. Tí òyìnbó bá ní kí ẹ jẹ́ ká lọ sí páàkì, ẹ má di owó agbèrò sápò, kì í ṣe gáréèjì. Pápá ìgbafẹ́ ni, éékà 843, ní àárín gbùngbùn ìlú tí owó ilé yàrá kan ti ń gbé owó oṣù mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ bá mi ṣírò: plọ́ọ̀tì mẹ́fà léékà kan, ó ti lé ní plọ́ọ̀tì 5,000. Kò sì sí ògiri kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sí. Àmọ́ ẹ má rò pé igbó ṣófo ni tẹ́lẹ̀. Láti 1825 làwọn aláwọ̀ dúdú kan ti ń ra ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Seneca Village ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Nígbà tó fi máa di 1857, ìjọba ti kó gbogbo wọn kúrò. Wọ́n san owó fáwọn onílẹ̀ o, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ké pé owó náà kéré. Ẹni tí ìjọba bá ti gba oko bàbá rẹ̀ rí, n kò ní í ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ó dáa. Báwo lẹ ṣe máa débẹ̀? Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń pè é. Láti òpópónà 59, C ló ń dúró káàkiri ẹ̀gbẹ́ páàkì: 72, 81, 86, 96, 103, 110. B náà ń dúró bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. A àti D, ẹ sá fún wọn. Ẹni tó bá ṣèèṣì wọ A ní 59, ó di 125 kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kẹ́ ẹ máa ké "Ó wà o! Ó wà o!" kò ràn án, kọ̀ńdọ́ tiwọn ti ara rẹ̀ mọ́ àpótí kan láàárín ọkọ̀, kì í rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà bíi tiwa.

Tẹ́ ẹ bá sọnù nínú páàkì, òpó iná ni kẹ́ ẹ bi. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 7205, 72 àkọ́kọ́ ni òpópónà tó sún mọ́ yín jù. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló kù: tó bá jẹ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 9, apá ìwọ̀ oòrùn lẹ wà, tó bá ṣeé pín sí méjì lọ́gbọọgba, ìlà oòrùn ni. Òpó tí kò sọ̀rọ̀ yìí mọ ọ̀nà ju ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ́ ẹ máa bá pàdé lọ.

Kẹ̀kẹ́ náà wà níbẹ̀, ti ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ rọra. Owó tí wọ́n kọ sára rẹ̀, owó ìṣẹ́jú kan ni, kì í ṣe ti ìrìnàjò. Tó bá jẹ́ dọ́là 5, ogún ìṣẹ́jú ti di dọ́là 100, ẹ ò sì tíì dé ibì kankan.

Ẹ wá tẹ́ ẹní yín sórí Sheep Meadow. Àgùntàn gidi ló ń jẹko níbẹ̀ títí di 1934, èèyàn ló ń sùn síbẹ̀ báyìí, gbalaja, nínú oòrùn tí à ń fi agboòrùn sá fún. Fàájì wọn nìyẹn o! Kò sí èéfín, torí wọn ò gbà kéèyàn dáná ẹran. Kò sí ọtí. Ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde, ó di kẹ́ ẹ gbàṣẹ. Èèyàn tó bá lé ní 20, ẹ gbàṣẹ. Ẹ sọ fún mi, ìdílé wo ni kò lé ní ogún ní Ẹ̀pẹ́? Torí náà, ẹ se ìrẹsì yín nílé, ẹ rọ ọ́ gbígbóná sínú kúlà, ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé dáadáa. Ẹni tí kò bá lè gbádùn láìrí èéfín, kó gba Prospect Park lọ ní Brooklyn, wọ́n ya ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran sọ́tọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ máa tọ̀ yín wá, wọ́n sanra, wọn ò bẹ̀rù. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, òfin ni. Ẹ má sì fi ojú ata rodo wò wọ́n.

Ìyá ẹlẹ́ja, ó yá.

Ní ìparí páàkì lápá àríwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà 110, omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Harlem Meer. Éékà 11. Lójú ẹni tó dàgbà sétí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, omi òjò tó pẹ́ nílẹ̀ ni. Ilé kan wà létí rẹ̀, Dana Discovery Center. Nígbà tí òtútù bá ti lọ, wọ́n máa ń yá èèyàn ní ọ̀pá ìwọ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó fi káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò ṣe ìdúró. Ìjẹ tí wọ́n máa fún yín, àgbàdo ni, ẹ má wá ekòló kiri. Ẹni tó bá sì ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni: ẹ ó gbàwé kẹ́ ẹ tó mú ẹja tẹ́ ẹ ò ní í jẹ.

Ìwọ̀ tiwọn kò ní ìkọ́ kékeré tó máa ń há. Tẹ́ ẹ bá mú ìwọ̀ tiyín wá látilé, ẹ fi pínsà tẹ ìkọ́ náà pẹlẹbẹ, kó lè yọ láìfa ẹnu ẹja ya. Òjé ò gbọdọ̀ wà lára okùn, torí ẹyẹ omi á gbé e mì, á sì pa á. Tí ẹja bá ti jẹ ìwọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi omi ra ọwọ́ yín. Ọwọ́ gbígbẹ máa ń nu ohun yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ìyẹn sì ni aṣọ tí ẹja fi ń lé àìsàn. Ẹ gbé ọwọ́ kan sábẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ má fi ẹnu rẹ̀ gbé e kọ́. Tó bá ti gbé ìwọ̀ mì dọ́nà ọ̀fun, ẹ má fà á, ẹ gé okùn náà níbi tó súnmọ́ ẹnu rẹ̀.

Ibí yìí ni ará Ẹ̀pẹ́ ti máa ń kàgbákò. Tó bá jẹ́ ẹja àrọ̀ ló jáde, kí ọpọlọ tó ronú, ọwọ́ á ti fẹ́ ká a ṣẹ́kọ́, kó ki ìrù bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ìgbà téèyàn fẹ́ yan án. Ẹ fi í sílẹ̀! Àwọn ọmọdé òyìnbó ń wò yín. Ẹ má sì jù ú padà bí ẹni ń da omi ìdọ̀tí nù. Ẹ rẹ ọwọ́ yín sómi tòun tẹja, ẹ dì í mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹ̀mí á fi wọlé sí i, tó bá ti jùrù, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ lè kí i pé ó dàbọ̀.

Ní báyìí ebi ti ń pa yín. Ẹ dá ọ̀pá padà, ẹ gba káàdì yín, ẹ bọ́ sí Lenox Avenue, ẹ máa lọ gbọọrọ títí dé òpópónà 116. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè thiéboudienne: ìrẹsì pupa tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ ẹja sè, ẹ̀gẹ́, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹja gẹ̀rẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja, ìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti sanwó, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ dá a padà sómi.