Ọlẹ̀ Kan Lẹ́ẹ̀kan Ti Tó: Ẹ Ṣòfin fún Àwọn Ilé Ìwòsàn IVF

Ẹ bi obìnrin tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mọ́kànlá, tó fẹ́ ṣe IVF, ìyẹn pípo ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta ara, pé ọlẹ̀ mélòó, ìyẹn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni kí dókítà gbé sínú ilé-ọmọ òun. Yóò ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà yóò gbà bẹ́ẹ̀, torí ilẹ̀ tí wọ́n tà kí wọ́n tó rówó ìtọ́jú san, wọn ò ní òmíràn. Ìyá ọkọ sì ti ń gbàdúrà ìbejì láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ta ló lè dá tọkọtaya bẹ́ẹ̀ lẹ́bi? Àwa kò dá wọn lẹ́bi. Ẹjọ́ wa wà lọ́dọ̀ dókítà tó mọ ohun tó ń bọ̀, tó sì gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin síbẹ̀, àti lọ́dọ̀ ìjọba tí kò ṣe òfin tí yóò dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ọlẹ̀ tó bá pọ̀ nínú ilé-ọmọ lè di ìbejì, ìbẹta tàbí ìbẹrin. Oyún ọmọ kan máa ń tó nǹkan bí ogójì ọ̀sẹ̀. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn ìbejì kì í pé ọ̀sẹ̀ 37 kí wọ́n tó dáyé. Ìbẹta sábà máa ń dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32, ìbẹrin sì máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 34, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ pọ̀ kò tíì tó lára rẹ̀. Tipátipá ló fi ń mí. Kò tíì lè fa ọmú kó sì gbé e mì, nítorí náà rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ki bọ imú rẹ̀ ni omi ọyàn ìyá rẹ̀ ń gbà wọlé, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì-méjì. Ọ́síjìn tó ń gbẹ̀mí rẹ̀ là lè fọ́ ọ lójú bí kò bá sẹ́ni tó ń ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Ibà pọ́njú á tún dé, ó di abẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Bí wọ́n bá wá múná lọ lóru, tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù.

Ẹ wá sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà mẹ́ta: ínkúbétọ̀ mẹ́ta (àpótí tó ń mú ọmọ móoru), ẹ̀rọ CPAP mẹ́ta tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mí, owó ìtọ́jú ọmọ mẹ́ta lójoojúmọ́, lọ́wọ́ ẹni tó ti ta ilẹ̀ rẹ̀ tán. Ibi tí ìbéèrè fún ìrànlọ́wọ́ tí à ń rí lórí Facebook ti ń wá nìyẹn. Àwòrán bàbá tó gbé ọmọ mẹ́rin dání máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Ta ló ń padà lọ bèèrè ní oṣù kejì pé mélòó ló délé?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìyá ẹni ọdún 68 bí ìbejì ní LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ní ọ̀sẹ̀ 37. Ó yẹ kí a yọ̀, a sì yọ̀. LUTH fúnra rẹ̀ ló sọ pé ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe IVF náà, pé lẹ́yìn tí oyún ti dúró ni wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn. Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí káàkiri nìyẹn: aládàáni gbowó, ó gbé ọlẹ̀ sílé-ọmọ, ó kéde àṣeyọrí ní ọjọ́ tí àyẹ̀wò bá fi oyún hàn, ilé ìwòsàn ìjọba ni yóò gba ewu.

Àwọn kan yóò ní kí la rí tí a fi ń sọ̀rọ̀ sí ìbejì, àwa ọmọ Yorùbá, àwa tí a ní Ìgbó-Ọrà. A kò sọ̀rọ̀ sí ẹ̀jìrẹ́ ará Ìsokùn. Ti Ìgbó-Ọrà, ara ìyá ló pèsè rẹ̀. Ti IVF, ènìyàn ló jókòó tó kà á. Ère ìbejì tó kún mùsíọ́ọ̀mù òyìnbó lónìí, àwọn baba wa kò gbẹ́ ẹ ṣeré. Ìbejì tó kú ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, tí ìyá ń wẹ̀ ẹ́, tó ń kùn ún lósùn, tó ń fún un ní oúnjẹ nígbà tí èkejì bá ń jẹun. Àwọn tó fẹ́ràn ìbejì jù ló mọ bí wọ́n ṣe máa ń tètè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Àwọn ibòmíràn ti yanjú èyí. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọdún 2003, ìjọba ń san owó ìgbìyànjú IVF tó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, ṣùgbọ́n obìnrin tí kò tíì pé ọdún 36, ọlẹ̀ kan péré ni wọ́n máa gbé sí i ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣirò wọn ni pé owó tí wọn kò ná sórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé yóò san owó IVF náà. Ní Brítéènì, nǹkan bí ìbímọ 28 nínú 100 tó ti ọwọ́ IVF wá ní àwọn ọdún 1990 ló jẹ́ ìbejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. HFEA, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, dìde sí i. Nígbà tó di 2019, ó ti wálẹ̀ sí 6 nínú 100, àǹfààní àtilóyún kò sì dín kù. Àwọn ọlẹ̀ tó ṣẹ́ kù, inú òtútù tó le gan-an ni wọ́n ń tọ́jú wọn sí di ìgbà mìíràn. Ní Kalifóníà, dókítà tó gbé ọlẹ̀ 12 sínú obìnrin kan, tí ìyẹn fi bí ọmọ mẹ́jọ ní 2009, wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2011. Bó bá jẹ́ ní Nàìjíríà ni, òfin wo ni wọn ìbá fi mú un? Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ka ṣíṣe ẹ̀dà ènìyàn léèwọ̀, kò sì sọ ohunkóhun nípa iye ọlẹ̀.

Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kọ ọ́ sílẹ̀: ọlẹ̀ kan fún obìnrin tí kò tíì pé ọdún 36, méjì ni òpin fún ẹni tó jù bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba gbé lára owó IVF sínú ìṣètò adójútòfò ìlera, torí bí ẹ bá ní kí aláìní gba ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan láìsí ìrànlọ́wọ́, ẹ̀ ń ní kó máa lọ ni. Clomid tí wọ́n ń tà lórí káńtà kẹ́místì bíi Panadol fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun fẹ́ ìbejì, kí NAFDAC àti àwọn apòògùn fòpin sí i. Oògùn tó ń mú ẹyin gbó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lò láìsí àyẹ̀wò.

Ti àwọn ọmọ tó ti dáyé ńkọ́? Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tó jáde ní 2021, pé bí ìyá bá gbé ọmọ tó tó kílò kan ṣùgbọ́n tí kò tó kílò 1.8 lé àyà lójú ẹsẹ̀, ara sí ara, dípò kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ dá wà, ikú á fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù láàárín ọjọ́ 28. Àjọ WHO ti fi í ṣe ìlànà fún gbogbo ayé ní 2022. Ohun tó ń fẹ́ ni bẹ́ẹ̀dì ìyá nínú wọ́ọ̀dù ọmọ, àti ọ̀gá nọ́ọ̀sì tí kò ní lé e jáde nígbà tí àsìkò ìbẹ̀wò bá tán. Síbẹ̀, ìyá tó ń sùn sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ wa.

Èkó kò sì gbọ́dọ̀ dúró de Àbújá. HEFAMAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń fún àwọn ilé ìwòsàn níwèé àṣẹ níbẹ̀. Kó ní kí ilé ìwòsàn IVF kọ̀ọ̀kan kọ iye ọlẹ̀ tó gbé sí obìnrin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, iye ọmọ tí wọ́n bí, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí wọn, àti iye tó délé láàyè. Kó sì gbé e jáde lọ́dọọdún, kí tọkọtaya rí i kà kí wọ́n tó ta ilẹ̀.