Wọn ò fòfin de Half of a Yellow Sun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ìjọba fòfin de fíìmù Half of a Yellow Sun, pé kò wọ sinimá kankan ní Nàìjíríà títí dòní, àti pé Chimamanda Adichie fúnra rẹ̀ ló sọ ìwé náà di eré.

Wọ́n dá a dúró ni, wọn ò fòfin dè é. Ìparí oṣù kẹrin ọdún 2014 ló yẹ kó jáde nílé, àmọ́ àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ò tíì fún un níwèé àṣẹ. Oṣù keje ni wọ́n tó fọwọ́ sí i, ó sì wọ sinimá lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹni tó ṣe é. Adichie ló ni ìwé, ó jáde ní 2006. Biyi Bandele ló kọ ọ́ ní eré, òun náà ló darí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan ni, ó sì papòdà ní 2022. Kò lè dáhùn fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ má gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ tún wo ibi ìgbéyàwó Olanna àti Odenigbo nínú fíìmù náà, nígbà ogun Biafra: inú ayẹyẹ ni wọ́n wà tí bọ́ǹbù fi já lu ibẹ̀, kálukú bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, tìyàwó tọkọ. Bandele ló to ìran yẹn bẹ́ẹ̀.