Ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó ń yí lójú kan náà ti sú mi

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi jàre. Tíṣà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí fi sílébọ́ọ̀sì iṣẹ́ ọnà tilé-ìwé wọn ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Kíláàsì àkọ́kọ́: àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti búlúù, yíya èso, ṣíṣe bátànì. Ó dáa. Mo ṣí ti kíláàsì kẹta, mo bá pupa, yẹ́lò àti búlúù, yíya òdòdó, ṣíṣe bátànì. Mo ṣí ti kíláàsì karùn-ún, nǹkan kan náà ni, wọ́n kàn kọ "èyí tó túbọ̀ le" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni. Le báwo? Kí ló le níbẹ̀? Wọn ò sọ.

Inú bí mi gan-an ni, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ dán irú ẹ̀ wò nínú ìṣirò. Ta ló máa kọ́ ọmọ ní àròpọ̀ láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí tó fi máa jáde, kó wá máa pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́? Àmọ́ tó bá ti di iṣẹ́ ọnà báyìí, wọ́n á ní kò sí wàhálà, ẹ sáà fún wọn ní bébà àti ọ̀dà.

Ẹ wá wo ohun tó ń dà. Ọmọkùnrin kan wà tó ti fẹ́ parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó fẹ́ràn àwòrán dọ́ba, wọ́n ní kí n ràn án lọ́wọ́ nítorí ìdánwò. Mo gbé ife kan síwájú ẹ̀ pé kó yà á. Ó ya ẹnu ife yẹn ní ṣóńṣó lápá ọ̀tún, ṣóńṣó lápá òsì, ó wá fa ìlà kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìdí ẹ̀. Mo bi í pé ṣé bó ṣe rí i nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó di ojú kan, kó máa gbé ife náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu ẹ̀ á fi bá ojú òun dọ́gba, kó máa sọ ohun tó ń rí fún mi. Bó ṣe ń gbé e lọ sókè, ẹnu ife tó rí roboto tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó ń tín-ín-rín sí i, títí tó fi di ìlà kan ṣoṣo. Ló bá dákẹ́. Ó gbé e wálẹ̀, ó tún gbé e padà sókè. Ó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé a jẹ́ pé ìlà ìdí ife gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju ti ẹnu ẹ̀ lọ, torí ìdí ló lọ sísàlẹ̀ jù sí ojú. Èyí tó yà lẹ́yìn ìyẹn jókòó dáadáa lórí tábìlì, ẹnu ẹ̀ ò ní ṣóńṣó kankan mọ́. Inú ẹ̀ dùn, ó sì bi mí pé, "Ṣé ohun tó yẹ ká ti mọ̀ látọjọ́ yìí nìyí?"

Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Gbogbo ọdún tó fi ń jókòó ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà, tó ń ya ife, tó ń ya ìgò, tó ń gba máàkì, kò sẹ́nì kankan tó ní kó gbé ife sókè kó wò ó. Kì í sì í ṣe pé ọmọ náà ò lẹ́bùn o. Ohun tó gbà á ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé iṣẹ́ ọnà ò rí bíi ìṣirò, pé ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n sọ tinú wọn, ẹ má dè wọ́n mọ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Kí lọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu fẹ́ fi sọ tinú ẹ̀? Bauhaus, ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Weimar, lórílẹ̀-èdè Jámánì, lọ́dún 1919, àwọn tó ti dàgbà ló ń lọ síbẹ̀, síbẹ̀ náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọ ibi iṣẹ́ igi, irin tàbí aṣọ híhun. Wọn ò sì torí ẹ̀ di ẹni tí kò lè dá nǹkan rò.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Jerome Bruner, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, ará Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ láti 1960, pé a lè máa padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà bọ́mọ ṣe ń dàgbà, àmọ́ kó máa jinlẹ̀ sí i nígbàkígbà tá a bá padà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́ kọ́mọ po pupa mọ́ yẹ́lò, kó máa yí ìwọ̀n wọn padà, kó rí i pé àwọ̀ ọsàn ò mọ sí ẹyọ kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kó fi gíríìnì bíńtín sínú pupa, kó wo bí pupa yẹn ṣe máa rọlẹ̀, kó yé da dúdú sínú gbogbo ohun tó bá fẹ́ kó ṣókùnkùn. Ẹ̀yìn ìyẹn, kó gé bébà àwọ̀ eérú sí méjì, kó lẹ ọ̀kan mọ́ orí bébà funfun, kó lẹ ìkejì mọ́ orí dúdú. Á búra pé wọn kì í ṣe àwọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ló gé e. Josef Albers, tó kọ́ni ní Bauhaus yẹn, máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní irú iṣẹ́ bébà báyìí ṣe. Tó bá wá di kíláàsì tó gbẹ̀yìn, sọ fún un pé àwọ̀ 3 péré lo fún un, kó fi ya yàrá ẹni tínú ẹ̀ ò dùn. Á mọ ohun tó ń wá! Àwọ̀ náà la ṣì ń kọ́ ọ o, àmọ́ kò sí ọdún tó ṣe ohun tó ti ṣe rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti amọ̀. Ẹni tí wọn ò kọ́ pé kó fín ojú amọ̀ méjèèjì, kó fi amọ̀ olómi sí i kó tó so wọ́n pọ̀, ọwọ́ ife ẹ̀ á máa já bọ́ ṣáá ni, wọ́n á sì ní kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tó tún ń dùn mí ni ìwé dírọ́ọ̀ìn. Ọdún bá parí, wọ́n á kó o dànù, ọmọ á ra tuntun, tíṣà tuntun á bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé yẹn máa bá ọmọ lọ láti kíláàsì dé kíláàsì. Nígbà tí Picasso, ayàwòrán ará Sípéènì, fẹ́ ya àwòrán ńlá tó ń jẹ́ Guernica lọ́dún 1937, ọ̀pọ̀ àwòrán ló kọ́kọ́ yà fún un, ó sì kọ déètì sí wọn. Ẹ fi irú ẹ̀ han àwọn ọmọ, torí wọ́n rò pé àwòrán tó dáa máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò míì fún tíṣà yẹn, ọdún kọ̀ọ̀kan ń gbé èkejì ró, ó sì ń dùn mọ́ mi. Àmọ́ ibi kan wà tó há mi lọ́rùn. Ọmọbìnrin kan dé sí kíláàsì kẹta wọn láti ilé-ìwé tí wọn kì í ti í kọ́ iṣẹ́ ọnà rárá. Kò mọ ṣéèdì, kò mọ àwọ̀ pò, àmọ́ tó bá ya èèyàn tó ń sáré, o máa rí i pé ẹni yẹn ń sáré lóòótọ́, àwọn tó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ò lè yà á bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí pupa àti yẹ́lò, ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè pa bébà dé. Tí mo bá ní kó máa bá àwọn yòókù lọ, ohun tí kò mọ̀ á dí i lọ́wọ́ tó bá yá. Mo ti kọ ìdáhùn sí i, mo sì ti pa á rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?