Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Tọrọ Putin

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta lórí ebi àti ọ̀wọ́ngógó, àsíá Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ́lẹ́ nígboro Kánò, Kàdúná àti Kàtísínà. Àwọn agbófinró sáré lọ kó àwọn télọ̀ tó rán an. Ọ̀gágun Christopher Musa, tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun nígbà náà, kéde pé ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ló wà nídìí gbígbé irú àsíá bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ aṣojú Rọ́ṣíà ní ọwọ́ àwọn mọ́. Àsíá ti wálẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ohun tó gbé e sókè ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò láti Ọjọ́ta lọ sí Ìbàdàn, kí ẹ dá ọ̀rọ̀ ìṣèlú sílẹ̀. Ẹ ò ní tíì dé Mówé tí ẹnìkan á ti sọ pé: "Irú Putin yẹn gan-an la nílò. Ẹni tí ò ní gba gbẹ̀rẹ́, tí á ti gbogbo olè mọ́lé."

Olóòtú yín gbé Moscow rí, ó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì tún padà lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí wà lára ìdí tí ìwé ìròyìn yìí kò fi ní ṣe àmín sí àdúrà yẹn. A ò fẹ́ Putin, a ò fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, a ò sì fẹ́ kí àwọn tí a dìbò yàn sí Abuja máa kọ́ ìwà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè lẹ́yìn àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn, torí ó tọ́ sí wọn. Lóòótọ́, wọn kì í rẹ́rìn-ín sí àjèjì lójú títì. Lójú tiwọn, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí, bí kò bá ń ta ọjà, a jẹ́ pé orí rẹ̀ ò pé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ wọlé. O máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fún ọ ní sálúbàtà ilé, wọ́n á mú ọ jókòó sídìí tábìlì nílé ìdáná, oúnjẹ ò sì ní tán títí di ọ̀gànjọ́. Èèwọ̀ wọn pọ̀ débi pé ọmọ Èkìtì á rò pé òun ò tíì kúrò nílé. Wọn kì í bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ìloro. Wọn kì í súfèé nínú ilé kí owó má baà sá. Àwọn ìyá wa náà kọ̀ ọ́ fún wa lálẹ́, àmọ́ tiwa, torí ejò ni. Ẹni tó ń lọ ìrìn àjò á kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ kó tó gbé àpò. Òdòdó méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, òkú ni wọ́n ń gbé e fún. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìlọrin, gbé mẹ́fà lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí; ó pẹ́ kí ilé yẹn tó dárí jì í. Ní Ploshchad Revolyutsii, ọ̀kan lára ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ère ajá kan wà tí imú rẹ̀ ń dán yanran, torí pé kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í fọwọ́ pa á fún oríire. Mo rí ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan tó pa á, tó tún wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni rí òun. Èmi náà pa á láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo sì yege. Ẹ má bi mí léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ìjọba ti wọnú ilé ni ẹ̀rín ti ń dín kù. Ní Moscow, onílé kọ́ ló ń pinnu ìgbà tí ilé rẹ̀ á gbóná. Omi gbígbóná ń ti iléeṣẹ́ ńlá wá, ó ń gba inú páìpù lọ káàkiri àdúgbò. Ìlú á dúró kí òtútù kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 8 Celsius fún ọjọ́ márùn-ún gbáko kí wọ́n tó ṣí i, kí ọjọ́ yẹn sì tó pé, ẹ̀wù méjì lẹ ó máa wọ̀ sùn. Bí wọ́n bá sì ti ṣí i, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ò ní ohun tí èèyàn lè yí láti dín in kù. Yìnyín á bo ìta, àwọn èèyàn á sì ṣí fèrèsé nítorí ooru. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á pa omi gbígbóná fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá láti tún páìpù ṣe, gbogbo àdúgbò á sì padà sí ìkòkò. Mo bi màmá arúgbó tó gbà mí sílé bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ̀wé lọ fi ẹjọ́ sùn rí. Ó wò mí bí ẹni tó ní ká kọ̀wé sí òjò.

Ọmọ Nàìjíríà ò lẹ́nu láti bú wọn lórí èyí, mo mọ̀. Iná kì í ṣẹ́jú níbẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí èèyàn dúró kọjá ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ohun tó ń tan aṣèbẹ̀wò jẹ nìyẹn. Á lo ọ̀sẹ̀ kan, á ya fọ́tò, á wá padà sílé wá sọ fún wa pé ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Putin. Ọdún 1935 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Wọn ò tíì bí Putin.

Ohun tí aṣèbẹ̀wò kì í gbọ́ ni bí ohùn ilé ìdáná ṣe yàtọ̀ sí ohùn ìta. Ọkọ màmá yẹn, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, lè bú ìjọba láti ìgbà tí tíì bá gbóná títí á fi tutù. Ṣùgbọ́n bí àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba bá ti kanlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ á yí kíá sí ọ̀dùnkún tí wọ́n gbìn sóko ẹ̀yìn ìlú. Bí a bá sì jọ wọ lífìtì pẹ̀lú ará ilé òkè, bàbá tó mọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ààrẹ lórí kì í sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Àwàdà kan wà tó fẹ́ràn, ti ayé Sófíẹ́tì ni. Ọkùnrin kan ń pín bébà ní Gbàgede Pupa (Red Square) ní Moscow. Ọlọ́pàá gbá a mú, wọ́n yẹ bébà wò, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. "Kí ló dé tóò kọ nǹkan sí i?" "Kí ni kí n tún kọ? Ta ni ò mọ̀?" Lóṣù Kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti ya wọ Ukraine, àwọn èèyàn dúró nígboro pẹ̀lú bébà òfìfo lọ́wọ́, ọlọ́pàá sì kó wọn lóòótọ́. Òfin ti jáde lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà: ẹni tó bá tan ohun tí ìjọba pè ní irọ́ kálẹ̀ nípa àwọn ọmọ ogun lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 jura. Alexei Gorinov, kánsẹ́lọ̀ àdúgbò kan ní Moscow, sọ nínú ìpàdé pé kò yẹ kí àwọn máa ṣètò ìdíje àwòrán yíyà fún ọmọdé nígbà tí ọmọdé ń kú ní Ukraine. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Alexandra Skochilenko, lẹ àkọlé nípa ogun síbi tí iye owó ọjà máa ń wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Saint Petersburg. Ọdún méje lòun náà gbà. Lára ẹlẹ́wọ̀n tí Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe pàṣípààrọ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2024 ló wà tó fi bọ́.

Ẹ wá wo ìdìbò. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1999 ni Putin gorí àga, nígbà tí Boris Yeltsin fipò sílẹ̀. Òfin ní sáà méjì ni ààrẹ lè lò tẹ̀léra. Ó lò ó tán, ó gbé àga fún Dmitry Medvedev ní 2008, òun alára di olóòtú ìjọba. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn méjèèjì jáde síta láti sọ fáráyé pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ àga, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti fẹnu kò lórí rẹ̀. Olùdìbò wà níbẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí sáà tún fẹ́ẹ́ pé, Valentina Tereshkova, obìnrin àkọ́kọ́ tó lọ sí òfúrufú, dìde nílé aṣòfin lóṣù Kẹta ọdún 2020, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí òdo, bí ẹni pé ààrẹ ò tíì jọba rí. Ilé gbà. Ọkùnrin náà lè wà níbẹ̀ dé 2036. Tiwa kọ́ nìyẹn: Sẹ́nétì wa, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lọ́rùn wọn, da ètò sáà kẹta nù lóṣù Karùn-ún ọdún 2006, ọ̀run ò sì wó.

Ìdìbò ti 2024 wáyé fún ọjọ́ mẹ́ta. Boris Nadezhdin tó ní òun lòdì sí ogun ò rí ọ̀nà wọnú ìdíje. Wọ́n ní ìbuwọ́lùwé tó kó wá ò péye. Alexei Navalny, olórí àwọn alátakò Putin, ti kú lóṣù tó ṣáájú, lẹ́ni ọdún 47, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Kharp lápá àríwá pátápátá. Wọ́n ka ìbò, wọ́n ní Putin ní ìdá 87 nínú 100. Àwọn tó ń jí àpótí ìbò gbé lọ́dọ̀ wa ṣì ń tijú díẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, àwọn tí inú ń bí lọ tò síwájú ibùdó ìdìbò ní aago méjìlá ọ̀sán géérégé, kí wọ́n lè fojú rí iye ara wọn. Títò sórí ìlà ni ìwọ́de tó ṣẹ́ kù tí ọlọ́pàá ò tíì rí òfin fi mú dáadáa.

Ti olè ńkọ́? Nínú ìwọ̀n ìwà ìbàjẹ́ tí àjọ Transparency International gbé jáde fún 2024, níbi tí 100 ti jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tó mọ́ jù lọ, Nàìjíríà ní 26. Ojú ń tì wá. Rọ́ṣíà ní 22. Bí ó bá sì ṣe ti ọkùnrin alágbára tó ká gbogbo nǹkan lọ́wọ́ kò ni, ẹ rántí ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí Yevgeny Prigozhin, oníṣòwò oúnjẹ tó di olórí Wagner, ẹgbẹ́ ọmọ ogun aládàáni tó ń jà fún Rọ́ṣíà, gba ìlú Rostov láàárọ̀ tó sì forí lé Moscow. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ já.

Àwọn kan á ní Rọ́ṣíà ò kó wa lẹ́rú, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló kó wa. Òótọ́ ni. Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Patrice Lumumba pè ní Moscow kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà di dókítà àti ẹnjiníà, àwọn kan lára wọn sì ń wo àìsàn yín títí dòní. Òótọ́ mìíràn ni pé lóṣù Kejìlá ọdún 1963, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ya lọ sí Gbàgede Pupa láti fẹ̀hónú hàn nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Gánà kan tí wọ́n bá lókùú. Ẹni tó bá sì rò pé Rọ́ṣíà ò gba ilẹ̀ onílẹ̀ rí, kó bi àwọn Tatar, ẹ̀yà kan tí Rọ́ṣíà gba ìlú Kazan lọ́wọ́ wọn ní 1552.

Ìjọba wa náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó àwọn ọmọdé lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja lórí ìwọ́de oṣù Kẹjọ, ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ lọ́rùn wọn, àsíá Rọ́ṣíà nínú ìwé ẹ̀sùn. Ebi ti hàn wọ́n léèmọ̀, àwọn kan ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí ariwo ti gba ìlú. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tó. Ìjọba tó bá fi ẹ̀sùn tó lè múni lọ sí ikú kan ọmọ kékeré nítorí aṣọ tó jù lọ́wọ́ ti ń bá Kremlin, ibùjókòó ìjọba Rọ́ṣíà, jẹun nínú àwo kan náà. Kí wọ́n sọ fún wa ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn yẹn, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún òbí àwọn ọmọ náà.

Èyí tó jẹ́ kánjúkánjú jù wà ní ilẹ̀ Tatar yẹn kan náà. Ní Alabuga, níbi tí Rọ́ṣíà ti ń to dróònù tó ń jù lu Ukraine, ètò kan wà tí wọ́n fi ń kó àwọn ọmọbìnrin Áfíríkà tó wà láàrin ọdún 18 sí 22 wá. Lórí fóònù ni ìpolówó rẹ̀ ti ń bá wọn: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú lọ́fẹ̀ẹ́, owó oṣù, iṣẹ́ ọwọ́ kíkọ́. Ìwádìí tí Associated Press gbé jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2024 fi hàn pé ilé iṣẹ́ dróònù ni ọ̀pọ̀ wọn bá ara wọn, tí wọ́n ń fọwọ́ kan kẹ́míkà tó ń jẹ wọ́n lára. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n dárúkọ. Lóṣù Kẹrin ọdún kan náà, dróònù Ukraine ti já lu ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn níbẹ̀, àwọn kan sì fara pa.

NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, mọ bí wọ́n ṣe ń dá àwọn ọmọ dúró ní pápákọ̀ òfúrufú nígbà tó bá jẹ́ Líbíyà tàbí Ítálì ni wọ́n ń lọ. Kí wọ́n fi Alabuga kún un lónìí. Kí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè tẹ orúkọ ètò náà jáde ní èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láìfi bò. Kí iléeṣẹ́ aṣojú wa ní Moscow gba àkọsílẹ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, kí wọ́n rán òṣìṣẹ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, láìsí ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan nítòsí, kí wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ fún èyí tó bá ní òun fẹ́ máa bọ̀ nílé.